Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlú Kékeré: Ẹ̀kọ́ Tí Ọ̀yẹ́-Èkìtì Kọ́ Wa

Bí ìjọba bá fi ilé-ẹ̀kọ́ gíga jíǹkí ìlú kan, ìlù àti ijó ni a fi ń gbà á. Ọba a jókòó, àwọn ìjòyè a wọ aṣọ iyì, àwọn obìnrin ọjà a sì máa dúpẹ́ pé ìlú ti gòkè. Kò sí ẹni tí yóò bá wọn wí, nítorí pé ohun ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlù bá dákẹ́ ni ọ̀ràn gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Níbo ni àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò máa sùn? Omi wo ni wọn yóò máa mu? Ìmọ́lẹ̀ wo ni wọn yóò fi kàwé ní òru? Èyí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, a ó sì fi Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ṣe àpẹẹrẹ.

Ọdún 2011 ni a dá yunifásítì náà sílẹ̀, nígbà ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án tí a dá sílẹ̀ ní àkókò kan náà, kí àwọn ìpínlẹ̀ tí kò ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ lè ní tiwọn. Èrò náà dára. Ọ̀yẹ́ kì í ṣe ìlú ńlá; ìlú àgbẹ̀ ni, ní ọ̀nà tí ó ti Ìfàkì lọ sí Ìkọ̀lé. A sì pín ilé-ẹ̀kọ́ náà sí ọgbà méjì, ọ̀kan ní Ọ̀yẹ́, èkejì ní Ìkọ̀lé.

Àwọn tí ó ṣáájú wa ní ọ̀nà tiwọn. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dá kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1896, inú ọgbà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, abẹ́ ojú olùkọ́ ni wọ́n sì ń jẹ tí wọ́n ń sùn. Nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí. Ẹni tí ó bá rí àyè nínú ilé-ẹ̀kọ́ ti rí ibùsùn pẹ̀lú. Òtítọ́ ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà kò pọ̀. Síbẹ̀ ìlànà náà ni a ń tọ́ka sí: ẹni tí yóò ra adìyẹ a kọ́kọ́ wá àgò tí yóò fi dé e.

Ní irú àwọn ìlú bí Ọ̀yẹ́, àwọn ọmọ ti dé kí ilé ibùsùn tó tó wọn. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ó ń háyà yàrá láàrin ìlú. Ẹ jẹ́ kí a ro ìgbésí ayé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò. Kí ó tó rí yàrá, ó ti san owó fún ẹni tí ó mú un káàkiri. Onílé a sì béèrè owó ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní òwúrọ̀ yóò pọn omi, yóò sì gun ọkadà lọ sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí iná mànàmáná kò sí, yóò ra epo sí jẹnẹrétọ̀, bí ó bá ní ọ̀kan. Bí kò bá ní, ìmọ́lẹ̀ fóònù ni yóò fi kàwé títí tí òun náà yóò fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó epo àti owó ọkadà ti fò sókè, bẹ́ẹ̀ ni àpò àwọn òbí kò fẹ̀ sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìnira kékeré ni èyí. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́ jáde sí ojú pópó láti fi ẹ̀hónú hàn nítorí àìsí iná mànàmáná. Ọjọ́ náà ni aya gómìnà ìpínlẹ̀ wá sí ìlú. Ọ̀ràn di rògbòdìyàn, ìbọn dún, akẹ́kọ̀ọ́ méjì sì kú. A ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, a sì ní kí àwọn ọmọ padà sí ilé òbí wọn. Ẹ wo bí ọ̀ràn iná ti di ọ̀ràn ẹ̀mí. Bí a bá ti jókòó ba àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀ ní àkókò, ta ni ì bá gbọ́ ìró ìbọn?

Ẹ̀yin oníṣòwò àti ẹ̀yin onílé, ọ̀ràn yìí kàn yín pẹ̀lú. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àrùn kòrónà mú kí a ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pa. Ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, láti ọjọ́ 14, oṣù kejì, títí di ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá. Ní ìlú kékeré tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá kàn, ta ni yóò ra ìrẹsì lọ́wọ́ olóúnjẹ? Ta ni yóò gun ọkadà? Ta ni yóò gba yàrá tí onílé yá owó láti kọ́? Àwọn àgbà wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Akẹ́kọ̀ọ́ nílò ìlú, ìlú sì nílò akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó bá sọ owó ilé di ìlọ́po méjì láàrin ọdún kan ń gé ẹ̀ka igi tí ó jókòó lé.

Ní ọdún 2024 ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní owó láìgba èlé. Owó ilé-ẹ̀kọ́ a máa lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́, a sì ya 20,000 náírà sọ́tọ̀ ní oṣooṣù fún ìtọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá béèrè fún un. A dúpẹ́ fún èyí. Ṣùgbọ́n bí a bá pín in sí ọjọ́ ọgbọ̀n, kò tó 700 náírà lójúmọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń na ọjà mọ ohun tí iye yìí lè rà. Owó àyálò kò lè dúró ní ipò ilé ibùsùn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dúró ní ipò iná àti omi.

Kí ni ṣíṣe? Ní èrò tiwa, kí ìjọba má ṣe ṣí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tuntun mọ́ láìjẹ́ pé ó ti pèsè ibùsùn, omi àti iná; kí ó sì parí ti àwọn tí ó ti ṣí. Kí àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́, àwọn baálẹ̀, àwọn onílé àti àwọn aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe ìpàdé kí ọdún ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi ẹnu kò lórí owó ilé, kí ó má baà jẹ́ pé ojú pópó ni a ó ti máa gbọ́ ẹjọ́. Kí àwọn ọlọ́pàá mọ̀ pé ọmọ tí ó ń béèrè iná kì í ṣe ọ̀tá ìlú. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú mọ̀ pé ìlú tí wọ́n bá ní àṣà. Ariwo òru àti àìbọ̀wọ̀ fún àgbà kò yẹ ọmọ tí ó wá kọ́ ìwé.

Ní ti ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fi ọmọ ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan, ẹ má ṣe béèrè orúkọ rẹ̀ nìkan. Ẹ béèrè ibi tí ọmọ yóò sùn, ẹ sì lọ fi ojú ara yín wò ó.