Fáànù, Abẹ̀bẹ̀ tàbí Ẹwìrì? Ọ̀rọ̀ lórí Ẹ̀rọ Ooru inú Ọkọ̀

Ó ti di àṣà láàrin àwọn tí ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí pé bí ẹ̀rọ kan bá dé, orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, kí wọn tó wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó bá a dọ́gba. Ọ̀nà yìí yá, ṣùgbọ́n kò dára tó. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ ni àléébù rẹ̀ ń hàn, nítorí pé ẹni tí ń tún nǹkan ṣe kì í béèrè ohun tí àwọn Òyìnbó ń pè é; iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe ni ó ń béèrè.

Àpẹẹrẹ kan ni ẹ̀rọ tí ń fẹ́ ooru sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà òtútù, ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ohun ìgbádùn lásán. Èémí àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ a máa bo gíláàsì iwájú bí ìkùukùu, afẹ́fẹ́ gbígbóná ni ó sì ń mú un kúrò. Ìwé ìlànà ìrìnnà ilẹ̀ náà, Highway Code, pa á láṣẹ pé kí awakọ̀ rí i dájú pé gíláàsì rẹ̀ mọ́ kedere kí ó tó gbéra ní àkókò yìnyín. Omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì ni ó ń gba inú rédíétọ̀ kékeré kan kọjá lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, tí fáànù sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ la ara rẹ̀ kọjá wọ inú ọkọ̀. Bí fáànù yìí bá kú, ẹ́ńjìnnì ìbáà gbóná bí iná, ooru rẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ awakọ̀.

Ẹni tí kò kúrò ní Ìbàdàn rí lè rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Ó kàn án. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń rìn ní títì ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó jẹ́ tòkunbọ̀, fáànù kan náà tí ń fẹ́ ooru ní ilẹ̀ òtútù ni ó sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù láti inú ẹ̀rọ amúlétutù níhìn-ín. (Amúlétutù ni wọ́n ń pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ kì í ṣe ilé.)

Kí ni kí ó wá máa jẹ́? Abẹ̀bẹ̀ ni àwọn kan fara mọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ abẹ̀bẹ̀ kò ní ojú ọ̀nà kan pàtó; ó ń fọ́n ká ni. Fáànù ti wọ inú èdè, kò sì sí ẹni tí yóò lé e jáde mọ́, ṣùgbọ́n méjì ni ó wà nínú ọkọ̀ kan náà. Èkíní ń mú kí omi inú rédíétọ̀ ńlá tutù. Bí ó bá kú, ẹ́ńjìnnì lè gbóná kọjá ààlà kí ó sì bàjẹ́ pátápátá. Èkejì ni èyí tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí. Awakọ̀ tí ó ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì pé fáànù òun kò ṣiṣẹ́ mọ́ kò tíì sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan lè dúró di ọ̀la, èkejì kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ náà sún síwájú.

Ilé arọ́ ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ wà látijọ́. Ẹwìrì ni alágbẹ̀dẹ fi ń fín iná. Ẹwìrì a máa fa afẹ́fẹ́ sínú, a sì tì í gba ojú ihò tóóró lọ sí ibi tí ooru wà. Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ó sì ń tì í gba ọ̀nà tí wọ́n là fún un lọ sára rédíétọ̀ kékeré. Ẹwìrì ọkọ̀ ni ó yẹ kí ó máa jẹ́, kí wọ́n fi fáànù sílẹ̀ fún ti rédíétọ̀ ńlá. Lóòótọ́, ẹwìrì alágbẹ̀dẹ kì í yí, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ṣe ń rìn kò ṣe pàtàkì tó ohun tí ó ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ kejì le ju èyí lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí súìṣì ẹwìrì wọn ní ìpele mẹ́rin, iná bátìrì, tí ó jẹ́ fólítì 12, a máa gba inú wáyà kékeré kan kọjá ní ìpele 1 sí 3. Wáyà yìí a dín iná kù, ẹwìrì a sì rọra yí. Ní ìpele 4, iná kò gba ibẹ̀ mọ́. Tààrà ni ó ń lọ. Ẹni tí ó bá túmọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ohun yìí ní ṣákálá yóò pè é ní adènà. Kí ni ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ yóò rò? Yóò rò pé bí adènà bá jó, ọ̀nà ṣí nìyẹn, kí ẹwìrì máa sáré. Òdì kejì ni ó ń ṣẹlẹ̀: ìpele 1 sí 3 a kú, ìpele 4 nìkan a sì ṣẹ́kù. Adínákù ni orúkọ tí kò ní ṣì í lọ́nà, nítorí pé ó fi yéni pé iná ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ó bá já, kò sí ohun tí yóò kọjá.

Bí kò bá sí ìpele kan tí ó ṣiṣẹ́, fíùsì ni kí ènìyàn kọ́kọ́ wò. Fíùsì kò nílò orúkọ mìíràn. Ohun tí kò ní orúkọ ni òǹkà tí wọ́n kọ sí i lára, ewu sì wà níbẹ̀. Àwọn rẹwáyà kan ka fíùsì sí ohun tí ó kàn ń so iná pọ̀, wọn a sì fi wáyà lásán dípò èyí tí ó jó. Ẹwìrì tí ewé ti há sínú rẹ̀, tí kò lè yí dáadáa mọ́, a máa fa iná ju bí ó ti yẹ lọ; fíùsì ni ó yẹ kí ó jó kí wáyà má baà jó. Ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ fíùsì ti fi ọkọ̀ àti ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ wewu. Bí wọ́n bá pe òǹkà náà ní ìfaradà fíùsì, ọmọ iṣẹ́ yóò mọ̀ pé ó ní ohun tí ó gbọ́dọ̀ fara dà, ó sì ní ibi tí ó gbọ́dọ̀ ti jó.

Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Kò sí ẹni tí yóò retí ẹwìrì ọkọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì àti rẹwáyà ni irú iṣẹ́ yìí ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ó tó dé orí tábìlì àwọn onímọ̀.

Ó ku ẹ̀rọ tí ń yí ẹwìrì náà fúnra rẹ̀. Mọ́tò kò ṣeé pè é, nítorí pé ọkọ̀ ni mọ́tò lẹ́nu gbogbo Yorùbá. Afináyí sàn jù. Èédú kékeré méjì ni ó ń gbé iná wọ inú afináyí, wọ́n a sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹwìrì tí ó ti kú bá jí nígbà tí wọ́n rọra gbá afináyí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí èédú náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.