Ẹ Yé Rán Ayàwòrán Ẹ̀fẹ̀ Níṣẹ́

Kò sí olóòtú ìwé ìròyìn tó mọṣẹ́ tí yóò jókòó ti àgbà òǹkọ̀wé rẹ̀ kí ó máa pe èrò fún un kọ. Ó lè ní kí ó gé e kúrú, ó lè béèrè pé níbo ló ti gbọ́ eléyìí, ṣùgbọ́n èrò inú àpilẹ̀kọ náà, ti òǹkọ̀wé ni. Ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ kì í sábà rí irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà. Òun ni wọ́n máa ń ké sí nírọ̀lẹ́ pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa ya mínísítà kan tó gbé àpò owó, kí aráàlú máa sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aago mẹ́fà la fẹ́ gbà á o." Orí àti ọwọ́ ni wọ́n jọ gbà síṣẹ́, ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń lò.

Bẹ́ẹ̀ yíyà ló gbẹ̀yìn nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí wàhálà wà, kí ó ronú padà sí ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ọjọ́ náà ni wọ́n búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, inú ọ̀rọ̀ tó sọ lẹ́yìn ìbúra ló sì ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Kò pẹ́ rárá tí ìlà fi gùn ní ilé epo. Èrò tó kọ́kọ́ ń wọlé wá nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò le: ọkùnrin kan tó rù kan eegun, tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti fàya, tí wọ́n kọ "aráàlú" sí láyà, tó ru kẹ́ẹ̀gì epo tó tóbi ju ilé lọ. Gbogbo ayé ló máa ro ìyẹn. Ayàwòrán tó gbọ́n á yà á tán, á sì fà á ya. Ó lè fa mẹ́ta tàbí mẹ́rin ya kó tó bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ló yẹ kó wà nínú àwòrán yìí tí kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ìjọba ń bu epo sí mọ́tò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Nígbà náà ni àwòrán tó dúró lè jáde: ìlà ọkọ̀ tó gùn dé ìkángun ìwé, ọkọ̀ ńlá aláwọ̀ dúdú mẹ́fà tó ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ọwọ́ kan ṣoṣo tó yọ lójú fèrèsé, tó ń juwọ́ sí àwọn tó tò. Kò sí kẹ́ẹ̀gì ńlá, kò sí ẹni tí wọ́n kọ nǹkan sí láyà. Wákàtí mẹ́rin lè lọ sórí ìrònú yìí. Yíyà rẹ̀ lè má ju wákàtí kan lọ. Olóòtú tó pe èrò àkọ́kọ́ fún un lórí fóònù ti gba wákàtí mẹ́rin yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ojú èèyàn náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Kò pọn dandan kí àwòrán jọ ẹni náà bíi fọ́tò. Ohun kan ṣoṣo tí aráyé ti mọ̀ mọ́ ọn ni wọ́n ń wá. Èjí ni ti Babangida, gíláàsì dúdú ni ti Abacha. Jonathan ní fìlà àwọn ará Niger Delta, Tinúbú sì ní fìlà tó ní àmì bí ẹyọ 8 tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Láyé Awólọ́wọ̀, fìlà àti gíláàsì róbótó ti tó. Bí wọ́n tilẹ̀ yọ imú àti ẹnu kúrò, ọmọdé á ṣì pe orúkọ rẹ̀.

Ìyẹn ṣì rọrùn, nítorí ẹni náà fúnra rẹ̀ ló gbé àmì wá. Èyí tó le ni kí ayàwòrán fi èrò tirẹ̀ dá àmì síni lára. Jonathan Shapiro, tí gbogbo ará South Africa mọ̀ sí Zapiro, ṣe é fún Jacob Zuma. Ní 2006, níbi ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀ tí ilé ẹjọ́ dá a láre nínú rẹ̀, Zuma sọ pé òun wẹ̀ lẹ́yìn tí òun bá obìnrin tó ní kòkòrò HIV lò pọ̀, kí ewu náà lè dín kù. Láti ìgbà náà ni Zapiro ti ń gbé orí ẹ̀rọ ìwẹ̀, irú èyí tí omi ń tú jáde lára rẹ̀, sórí Zuma, àní nígbà tó ti di ààrẹ. Kò sí olóòtú tó lè fi irú èyí ránni níṣẹ́. Lórí àwòrán mìíràn tó yà ní 2008, Zuma pe Zapiro àti ìwé ìròyìn tó gbé e jáde lẹ́jọ́. 2012 ló tó fà á sẹ́yìn. Bí ìwé ìpẹ̀jọ́ bá lè mọ orúkọ ayàwòrán, ó yẹ kí yàrá ìròyìn náà mọ̀ ọ́n.

Nílé níbí, orí Akínọlá Láṣẹ́kàn ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, wọ́n bí i ní 1916, ní 1944 ló sì bẹ̀rẹ̀ sí yàwòrán fún West African Pilot tí Nnamdi Azikiwe, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Zik, dá sílẹ̀ ní 1937. "Lash" ló máa ń kọ sí ìdí àwòrán rẹ̀. Ó fi gègé bá ìjọba Òyìnbó jà. Àmọ́ nígbà tí ìjà di ti ẹgbẹ́ òṣèlú, Láṣẹ́kàn, ọmọ Yorùbá, bẹ̀rẹ̀ sí fi Awólọ́wọ̀ àti Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Zik. Olóògbé Tẹjúmọ́lá Ọláníyan, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Wisconsin ní Madison, tó ṣèwádìí gidi lórí àwòrán ẹ̀fẹ̀ Áfíríkà, kò fi apá yìí pa mọ́ nígbà tó kọ̀wé lórí Láṣẹ́kàn. Ẹni tó bá fẹ́ tako ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń sọ á tọ́ka síbẹ̀ kíákíá: ṣé èrò Láṣẹ́kàn nìyẹn àbí ti Zik? Ìbéèrè tó dáa ni. Ṣùgbọ́n "Lash" tó wà nídìí àwòrán ló jẹ́ kó ṣeé bi. Ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́ lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tí yóò bi í ní ohunkóhun.

Olóòtú ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé rárá. Òun àti ẹni tó ni ìwé ìròyìn wà lára àwọn tí ìjọba máa ń kọ́kọ́ fà. Ẹni tó bá rántí Òfin Kẹrin ti ọdún 1984, tó gbé akọ̀ròyìn Guardian méjì lọ sẹ́wọ̀n, kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìyẹn. Àmọ́ "rárá" yàtọ̀ sí "ya báyìí". Ìdí tí wọ́n fi sọ "rárá" náà sì ń tú àṣírí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, Ann Telnaes, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, fi Washington Post sílẹ̀ nítorí pé wọ́n kọ àwòrán rẹ̀ kan, nínú èyí tí Jeff Bezos tó ni ìwé ìròyìn náà wà lára àwọn olówó tó kúnlẹ̀ níwájú ère Trump. Olóòtú ní kì í ṣe nítorí Bezos, pé òǹkọ̀wé kan ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ náà ni, òmíràn sì ń bọ̀ lọ́nà. Kódà bí òótọ́ bá ni, ìdí yẹn gan-an ló burú. Òǹkọ̀wé méjì lè kọ ọ̀rọ̀ kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ayàwòrán nìkan ni wọ́n ń wò bí ẹni tó wá tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ. Lọ́dún náà kan náà ni wọ́n fún Telnaes ní ẹ̀bùn Pulitzer.

Irinṣẹ́ ti yí padà, ìyẹn ò sì tó ohun tí à ń pariwo lé. Tẹ́lẹ̀, pẹ́ńsù ni, lẹ́yìn náà gègé àti yíǹkì dúdú, lórí pátákó ìwé tó tóbi ju bí àwòrán yóò ti rí nínú ìwé ìròyìn lọ, nítorí náà ìlà tó bá tín-ín-rín jù á parẹ́ bí wọ́n bá sún un kéré. Ní báyìí ojú gíláàsì ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ti ń yà á, wọ́n lè fẹ ojú ẹni kan títí wọ́n á fi ya irun imú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ lórí fóònù tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ni òǹkàwé yóò ti wò ó. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gé orúkọ ayàwòrán kúrò kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp.

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ kò nira. Kí orúkọ ayàwòrán hàn gbangba bíi ti òǹkọ̀wé, kí ó sì wọnú àwòrán débi tí kò ní ṣeé gé. Kí wọ́n pè é sí ìpàdé àárọ̀, kí wọ́n má dúró di ìrọ̀lẹ́. Bí olóòtú bá sì kọ àwòrán kan, kí ó sanwó rẹ̀, kí ó fi fọ́tò dí àyè náà lọ́jọ́ yẹn, kí ó má ṣe pe ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wá ya èyí tí ọ̀gá rẹ̀ ní òun ò ní yà.