Òṣùwọ̀n Èké Nínú Àpò Ìwé Ọmọ Yín

Ẹ KÀ: Òwe 11:1, Nehemáyà 8:8, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8:26-31

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù ka ọ̀rọ̀ yìí títí dé òpin, nítorí ó lè dun àwọn kan nínú wa. Ó dun èmi náà kí n tó kọ ọ́.

Gbogbo wa la mọ kóńgò tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́jà. A sì mọ ohun tí àwọn ọlọ́jà kan máa ń ṣe sí i: wọ́n á lu ìdí rẹ̀ wọnú, kí ó lè dà bí ẹni pé ó kún nígbà tí kò kún. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lè máa kọrin ìyìn nídìí ọjà rẹ̀, ṣùgbọ́n Bíbélì ti jẹ́ ká mọ ojú tí Ọlọ́run fi ń wo òṣùwọ̀n èké. Ìríra ni lójú Rẹ̀.

Ìbéèrè mi rèé: kí ló dé tí a máa ń bínú tí wọ́n bá fi irú kóńgò bẹ́ẹ̀ wọn ìrẹsì fún wa, ṣùgbọ́n tí a ń jó, tí a ń ya fọ́tò, tí wọ́n bá fi í wọn ìmọ̀ ọmọ wa?

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí ọmọkùnrin kan tó wà ní kíláàsì karùn-ún ka Sáàmù 23 fún wa. Ó gbé Bíbélì sókè, ó kà á já geere, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, mo rí i pé Ìwé Jeremáyà ló ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo fi ìka sí ẹsẹ kan níbẹ̀, mo ní kó kà á. Kò lè ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta tẹ̀ léra wọn. Mo fún un ní ìwé Gẹ̀ẹ́sì, bákan náà ló rí.

Mo pe ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Kò gbà mí gbọ́. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ipò kẹta ló ṣe ní táàmù tó kọjá o! Màá mú káàdì rẹ̀ wá kí ẹ wò ó." Lóòótọ́ ló mú un wá. Ipò kẹta nínú ọmọ méjìlélógójì. Tísà sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ọmọ náà ń ṣe dáadáa. Mo ní kí ọmọ náà ka ohun tí tísà kọ nípa rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Kò lè kà á. Obìnrin yẹn jókòó, ó bú sẹ́kún. Láti ìdájí ló ti ń dín àkàrà fún ọdún márùn-ún láti fi san owó ilé ìwé yẹn.

Ẹ̀yin ará, ọmọ náà kì í ṣe olódo. Ọmọ tó lè há odidi sáàmù sórí, ọpọlọ rẹ̀ pé. Kóńgò ni wọ́n lù wọnú. Bí ẹni tó ṣe ipò kẹta kò bá sì lè kàwé, kí ni àwọn mọ́kàndínlógójì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń ṣe?

KÍ NI ÌMỌ̀Ọ́KỌ-MỌ̀Ọ́KÀ?

Ní ọdún 1978, àjọ UNESCO là á kalẹ̀ pé ẹni tó mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lọ́nà tó wúlò ni ẹni tó lè lo ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò nínú ohun tí àwùjọ rẹ̀ ń fi wọ́n ṣe, tó sì lè máa lò wọ́n fún ìtẹ̀síwájú ara rẹ̀ àti ti ìlú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé. Ṣé ọmọ yín lè ka ara ìgò oògùn, kó sọ fún yín pé ṣíbí mélòó ni? Tí ẹ bá rán an níṣẹ́, ṣé ó lè mọ̀ bóyá ṣéńjì tí wọ́n fún un pé? Tí ẹnì kan bá wá yín wá tí kò bá yín nílé, ṣé ó lè kọ iṣẹ́ tí onítọ̀hún fi rán an sílẹ̀? Òun nìyẹn. Kì í ṣe kíké A, B, D nìkan.

Ẹ wo Fílípì àti ìwẹ̀fà ará Etiópíà. Ọkùnrin náà kì í ṣe ẹni kékeré, ìṣúra ayaba wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń kàwé sókè nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, Fílípì sì ń gbọ́. Ṣé Fílípì pàtẹ́wọ́ fún un? Rárá. Ohun tó bi í ni bóyá ohun tó ń kà yé e. Ìdánwò tí àwa kò ṣe fún ọmọ wa nìyẹn.

ÒṢÙWỌ̀N MẸ́TA TÓ Ń TÀN WÁ JẸ

Èkíní ni ipò. Ipò kàn ń fi ọmọ kan wé èkejì ni, kò sọ bóyá ọmọ náà mọ̀wé. Bí ogójì ọmọ bá wà ní kíláàsì tí kò sí ẹyọ kan tó lè kàwé nínú wọn, ẹnì kan á ṣì ṣe ipò kìíní, wọ́n á sì fún un ní ẹ̀bùn.

Èkejì ni Gẹ̀ẹ́sì ẹnu. Tí ọmọ bá ti lè sọ Gẹ̀ẹ́sì níwájú àlejò, inú wa á dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a sọ̀rọ̀, ọ̀tọ̀ ni kí a kàwé kó yé wa.

Ẹ̀kẹta ni àkọ́sórí. Tísà á kọ ọ́ sójú pátákó, ọmọ á dà á kọ, á há a sórí, á bì í sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò. Àwa náà ń ṣe é nínú ìjọ. A ń fún ọmọ ní bísíkíìtì tó bá ti ké ẹsẹ àkọ́sórí, a kì í bi í pé kí ni ẹsẹ náà ń wí. Odídẹrẹ́ náà lè ké e.

Bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ láti kíláàsì dé kíláàsì nìyẹn, títí yóò fi dé ìdánwò ńlá. Àwọn òbí kan á wá lọ san owó síbi tí wọ́n á ti jẹ́ kó jíwèé wò. A gbin irọ́ sí kíláàsì kìíní, ẹ̀rù wá ń bà wá nígbà tó so èso ní kíláàsì kejìlá.

IYE TÓ YẸ KÓ DÁ OORUN MỌ́ WA LÓJÚ

Ẹ má rò pé ọmọ kan ṣoṣo ni mo ń sọ. Àjọ UNICEF sọ ní 2022 pé nínú ọmọ mẹ́rin tó wà láàárín ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà, bí mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn tó rọrùn kó yé wọn, tàbí kí wọ́n ṣe ìṣirò kékeré. Ní ọdún kan náà, Báńkì Àgbáyé fojú bù ú pé ní apá Áfíríkà tó wà ní ìsàlẹ̀ Sàhárà, nínú ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá mẹ́wàá, bí mẹ́sàn-án ni kò lè ka ìtàn kékeré kó yé wọn. Àwọn tó ń lọ sílé ìwé wà lára wọn o.

Kí a má sì kàn gbé gbogbo ẹ̀bi lé tísà lórí. Ní 2008, ìjọba Ìpínlẹ̀ Kwara ṣe ìdánwò fún àwọn tísà tirẹ̀. Nínú àwọn tó lé ní 19,000, 75 péré ló dé òṣùwọ̀n tí wọ́n là kalẹ̀. Ní 2017, ìjọba Ìpínlẹ̀ Kàdúná fi ìdánwò kíláàsì kẹrin dán àwọn tísà wò, bí méjì nínú mẹ́ta ni kò gba máàkì tí wọ́n béèrè. Àwọn tísà yìí náà ti jẹ́ ọmọ iléèwé rí. Kóńgò èké ni wọ́n fi wọn àwọn náà.

ÒṢÙWỌ̀N ÒTÍTỌ́ WÀ

Ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, láti 2005, àwọn ará ìlú fúnra wọn ti ń lọ láti ilé dé ilé. Wọ́n á mú ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, wọ́n á fi ìwé pélébé kan hàn án: lẹ́tà, ọ̀rọ̀, ìpínrọ̀ kékeré, ìtàn kékeré. Ibi tí ọmọ bá kà dé ni ìpele rẹ̀, kíláàsì yòówù kó wà. Ní 2018, bí ìdajì àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní abúlé ibẹ̀ ni kò lè ka ìwé kíláàsì kejì. Wọn kò fi ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo ayé rí i. Láti 2009 ni àwọn ará Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti Ùgáńdà ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀, tí wọ́n pè ní Uwezo. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, LEARNigeria ti ṣe irú rẹ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ ilé ni wọ́n ń lọ? Nítorí pé nílé ìwé, ẹ ò ní bá ọmọ tí kò wá, wọ́n sì lè ti àwọn tó mọ̀wé síwájú fún yín. Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan? Nítorí pé bí wọ́n bá pọ̀ tí wọ́n jọ ń pariwo kíkà, ohùn ẹni kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ló ń gbé àwọn tó kù. Nígbà tí wọ́n bá sì ti mọ ìpele ọmọ, wọ́n á kó àwọn tí ìpele wọn dọ́gba pọ̀, wọ́n á kọ́ wọn láti ibi tí wọ́n wà gan-an.

Ó ku ọ̀rọ̀ èdè. Bí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan dán ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wò, kí ni a wọ̀n, ìwé kíkà ni tàbí Gẹ̀ẹ́sì? Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Àwọn kan nínú wa ṣe hálelúyà. Mo bẹ̀ yín, ẹ rántí àwọn ìyá wa àgbà tí kò wọ ilé ìwé rí, tó jẹ́ Bíbélì Yorùbá tó jáde ní 1884 ni wọ́n fi mọ̀wéé kà. Ó yé wọn, nítorí èdè wọn ni.

"IṢẸ́ ÌJỌBA NÌYẸN"

Mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ìjọba ni. Òfin UBE ti 2004 sọ pé ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ àti dandan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba bá fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn wá, yàrá ìkàwé àti àga ló máa ń kà. Àga kò kàwé rí. Kí wọ́n sọ iye ọmọ tó lè kàwé ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún wa.

Àwa ńkọ́? A ń ka owó ọrẹ lẹ́ẹ̀mejì kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀. A mọ iye ọkàn tó wá sí ìpàdé ìsọjí. Ìjọ wo ló mọ iye ọmọ tirẹ̀ tó lè ka Bíbélì kó yé e? Àwọn ìjọ kan sì ní ilé ìwé tí ọmọ àwọn tí ìdámẹ́wàá wọn kọ́ ọ kò lè wọ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ó kan ilé Ọlọ́run pẹ̀lú.

Ẹ má sì sọ pé ọ̀rọ̀ ayé nìyí. Nígbà tí Ẹ́sírà àti àwọn ọmọ Léfì ka òfin, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ títí ó fi yé àwọn ènìyàn. Àwọn ará Bèróà ń yẹ ìwé mímọ́ wò lójoojúmọ́ láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni Pọ́ọ̀lù ń sọ. Ẹni tí kò lè kàwé kò lè yẹ nǹkan kan wò. Ohun tí ẹni tó di gbohùngbohùn mú bá sọ ni yóò gbà. Lónìí, yóò gba ti wòlíì èké. Lọ́la, yóò tẹ̀ka sí ìwé ilẹ̀ tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

OHUN TÍ MO Ń BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ YÍN

1. Lálẹ́ òní, ẹ pe ọmọ yín tó ti kọjá kíláàsì kẹta, òun nìkan. Ẹ ní kó ka èyí:

Bọ́lá bá ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Wọ́n ra ẹja àti ata. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, òjò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sá sí abẹ́ ìsọ̀ kan. Nígbà tí òjò dá, wọ́n rí i pé ológbò ti gbé ẹja lọ.

Ẹ wá bi í: Kí ni wọ́n rà? Kí ló dé tí wọ́n fi sá sí abẹ́ ìsọ̀? Kí ló kù nínú ohun tí wọ́n rà? Bí ẹja bá jẹ́ ₦1,500, tí ata jẹ́ ₦500, tí ìyá Bọ́lá sì san ₦3,000, ṣéńjì mélòó ni yóò gbà? Ẹ tún fi Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn dán an wò lọ́tọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò kàwé, kí ojú má tì yín, ẹ pe tísà Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi.

2. Bí kò bá lè kà á, ẹ má lù ú. Kò jẹ̀bi. Ẹ lọ sílé ìwé pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, kí ẹ béèrè ìpele kíkà ọmọ yín. Ẹ má gba ipò ní ìdáhùn.

3. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan dán àwọn ọmọ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kó sì ya wákàtí méjì sọ́tọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láti kọ́ àwọn tó kù sẹ́yìn. Ẹ má ka orúkọ ọmọ kankan sókè. Iye ni kí ẹ kà fún ìjọ.

4. Kí àwọn àgbà ìjọ gbé iye náà lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n béèrè tiwọn.

Ọmọkùnrin yẹn ń wá sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Àbámẹ́ta báyìí. Lẹ́tà nìkan ló mọ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, ó ka ara ìgò oògùn ikọ́ àbúrò rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó sì sọ iye ṣíbí fún un. Kò tíì ṣe ipò kìíní. Ìyá rẹ̀ kò béèrè ipò mọ́.

Kí Olúwa fún wa ní ìgboyà láti wọn ọmọ wa pẹ̀lú òṣùwọ̀n tó pé, kí Ó sì dárí jì wá fún ọdún tí a ti fi tan ara wa jẹ, ní orúkọ Jésù. Àmín.