Bí Kò Tilẹ̀ Ní Ìwé, Ẹ Yá A Lówó

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, nílùú Ọ̀yọ́, mo tẹ̀lé ọkùnrin kan lọ sí báńkì láti ṣe onídùúró fún un. Kànga ni ọkùnrin yìí ń gbẹ́. Ọdún 17 rèé tó ti ń gbé l'Ọ̀yọ́. Òun ló gbẹ́ kànga ilé mi, òun ló gbẹ́ ti mọ́ṣáláṣí tó wà níwájú wa, òun náà ló gbẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn wa. Owó tó fẹ́ yá kò pọ̀. ₦250,000 ni, kó fi ra ẹ̀rọ tí ń fa omi, nítorí pé bí ó bá ti gbẹ́lẹ̀ kan omi, garawa ló fi ń gbọ́n ọn síta, iṣẹ́ ọjọ́ méjì a sì di ti odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀dọ́mọbìnrin tó dá wa lóhùn kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fún wa ní àga, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà." Ó yẹ àwọn káàdì àjọ ọkùnrin yìí wò, ọdún mẹ́fà gbáko tó ti ń dá ₦1,000 lójúmọ́ láìyẹ̀. Ó mi orí. Ó wá béèrè nọ́ńbà NIN. Kò sí. BVN ńkọ́? Kò sí. Ìwé ìgbélùú? Èyí gan-an ni kò sí rárá. Sábẹ̀ẹ́ ni wọ́n bí i sí, ní ilẹ̀ Benin. Káàdì ìdánimọ̀ ilẹ̀ wọn ló mú dání nígbà tó gba ọ̀nà Ṣakí wọlé, àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 sì fún un láyè ọjọ́ 90 láti fi wà níbí láìgba físà. Ọjọ́ 90 yẹn ló di ọdún 17. "Ẹ má bínú, sà," ni ọmọbìnrin náà wí. Èmi ló dojú kọ, kì í ṣe ẹni tó ni ọ̀rọ̀.

Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìbànújẹ́ náà ni pé Yorùbá tí ọmọbìnrin yẹn ń sọ sí wa, òun ni ìyá ọkùnrin yìí fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ní Sábẹ̀ẹ́. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló jókòó ní ọdún 1889, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sí àárín ilẹ̀ wa, tí ẹ̀gbọ́n fi di ará Nàìjíríà tí àbúrò di ará Dàhòmì. Ṣùgbọ́n n kò ní gbé ẹjọ́ mi lé orí ìbátan. Ará Niger tó ń sun súyà ní Sábó kì í ṣe ìbátan mi, ohun kan náà ni mo sì máa wí nípa tirẹ̀.

Nígbà tí a jáde, ọkùnrin náà ní, "Bàbá Tíṣà, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Mo mọ ibi tí wọ́n á ti yá mi." Èmi náà mọ ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn sogúndogójì ni. Ó yá ₦250,000 lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, ó sì san ₦375,000 padà láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹ gbọ́ dáadáa o: ó san án. Kọ́bọ̀ kò ṣẹ́ kù. Ẹni tí wọ́n ní kò ṣeé yá lówó ló san owó, tó tún fi ìdajì rẹ̀ lé e.

Ohun tí mo fẹ́ wí nìyí, n kò sì ní fi epo bọ iyọ̀. Ó yẹ kí àwọn báńkì wa máa yá àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú lówó, kí wọ́n sì fún un ní káàdì àwìn bí wọ́n ti ń fún ọmọ onílẹ̀, bí ó bá ti lè fi hàn pé òun ń ṣiṣẹ́, pé òun ń gbé láàárín wa, pé òun sì ń san gbèsè òun. Ta ló yẹ kó gbé ìlú, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ imigíréṣọ̀n nìyẹn. Ta ló ń san owó tó yá, èyí ni iṣẹ́ báńkì.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí a pé jọ síbi ìnáwó kan. Àgbà kan nínú ẹbí wa fò dìde bí ẹni tí àkeekèé ta. Ó ní, "Ìwọ Tíṣà, ṣé kò ṣe ọ́? Ọmọ wa tó jáde ní yunifásítì kò rí kọ́bọ̀ yá, kí báńkì wá kó owó fún ará Kútọnu! Bó bá sá lọ ńkọ́?" Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi ń wo òrùlé, nítorí pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a jókòó sí yẹn, owó Gánà ni bàbá bàbá yìí fi kọ́ ọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí àlejò aláìníwèé ti í rí, kó má wulẹ̀ lọ jìnnà, kó bi Ògbómọ̀ṣọ́ léèrè. Kí ọdún 1969 tó dé, àwọn ènìyàn wa ti kún Tamale, wọ́n kún Yendi, wọ́n kún Kumasi, àwa àti àwọn ará Ìgbẹ́tì, Ṣakí, Ọ̀fà àti Ìlọrin. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ J. S. Eades kọ odidi ìwé lórí àwọn Yorùbá oníṣòwò apá òkè Gánà wọ̀nyí, ó jáde ní 1993. Tamale ni wọ́n bí èmi alára sí. Ọjà wẹ́wẹ́ ni bàbá mi ń tà níbẹ̀: abẹ́rẹ́, òwú, tọ́ọ̀ṣì, àwo tánganran. Kò ní ìwé ìgbélùú kankan, kò sì ní owó ọjà nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ilé ìtajà àwọn òyìnbó kan ló ti ń gba ẹrù láwìn, nítorí pé àgbà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ti pẹ́ nílùú náà dúró fún un. Ohun tí àgbà yẹn sọ kò ju pé, "Mo mọ ilé bàbá rẹ̀." Ó tán. Wọ́n gbé ẹrù fún un.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà K. A. Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gba ìwé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n kúrò nílùú. Ọmọ ọdún 11 ni mí. Mo rántí pé bàbá mi ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì ta ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi. Ẹ máa rò pé owó ọkọ̀ ló ń wá. Ó tì o. Owó ẹrù tó jẹ ilé ìtajà yẹn ló ń wá, kó tó lọ. Ìyá mi sunkún nítorí ẹ̀rọ náà títí ojú rẹ̀ fi wú, bàbá mi sì ń tẹnu mọ́ ọn pé orúkọ ẹni tó dúró fún òun kò ní bàjẹ́ lẹ́yìn òun. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí gbèdéke pé, ó san án tán.

Àwọn tó jẹ bàbá mi lówó ńkọ́, àwọn onílẹ̀, àwọn oníwèé? Púpọ̀ nínú wọn ló ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Wọ́n mọ̀ pé bí ọ̀sẹ̀ méjì bá ti pé, gbèsè kú nìyẹn. Ìwé kékeré tí bàbá mi kọ orúkọ wọn sí wà nínú àpótí rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí ó fi kú. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn bí mo bá gbọ́ pé àlejò ló ń sá fún gbèsè.

Èmi náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, nígbà ìjọba Alhaji Shehu Shagari, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Alhaji Ali Baba, kéde pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn láàárín ọjọ́ 14. Tíṣà ni mí l'Ọ̀yọ́ nígbà náà, ọmọdé ọkùnrin tí ń wọ ṣòkòtò tuntun. Télọ̀ ọmọ Gánà kan ní Ọwọ́dé ló ń rán an fún mi, mo sì jẹ ẹ́ ní ₦8. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá sílé mi láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo ní kí àbúrò mi sọ fún un pé n kò sí nílé. Lẹ́ẹ̀kejì, mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí i tó gbé àpò aláwọ̀ mèremère yẹn lérí, irú èyí tí gbogbo wa wá sọ ní "Ghana Must Go", mo sì fẹ̀yìn ti ògiri títí ó fi lọ. Ọmọ onílẹ̀, tíṣà ìjọba, ẹni tí báńkì ń pè ní sà! Ẹni ọdún mọ́kànlá tó rí ohun tí ojú bàbá rẹ̀ rí ní Tamale ni mo jẹ́, síbẹ̀ mo ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ àgbà ilé wa. Ó ní ọmọ wa kò rí yá. Òótọ́ ni. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé CREDICORP kalẹ̀ ní 2024 pé kí ará ìlú lè máa ra nǹkan láwìn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó ń ta ata ní Tàkíé kò gba owó oṣù, gbọ́múlélántà ló kù fún un, tí wọ́n á máa kanlẹ̀kùn rẹ̀ láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé agbẹ́kànga ará Sábẹ̀ẹ́ ló gba owó lọ́wọ́ ìyá yẹn ni? Owó báńkì kì í ṣe sàráà tí a ń pín, tí ẹnìkan á fi gba ti ẹnìkejì. Ẹni tó yá a tó sì san án pẹ̀lú èlé, ó bu kún ohun tí ẹlòmíràn máa rí yá ni.

Bó bá sá lọ ńkọ́? Àwọn Ìjẹ̀ṣà bàbá wa kò béèrè NIN. Òṣómàálò gbé aṣọ lọ sí abúlé tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, ó tà á láwìn fún àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé, ọjọ́ tí owó bá pé, a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí yóò fi gbà á. Báńkì òde òní ní ju èyí lọ. Ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe BVN láti 2014, láti 2020 ni wọ́n sì ti ní àṣẹ tó jẹ́ kí báńkì tó yáni lówó lè fa owó rẹ̀ yọ nínú àkáǹtì yòówù tí onígbèsè ní ní báńkì mìíràn. Ìka ọwọ́ kò mọ ibodè. Òfin wa ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Òfin NIMC ti 2007 fún àlejò ní NIN, ṣùgbọ́n àlejò tó bófin mu, tó sì ti lo oṣù 24. Báńkì Àpapọ̀ tún wá pàṣẹ ní oṣù kejìlá ọdún 2023 pé kò gbọdọ̀ sí àkáǹtì, bó ti wù kó kéré mọ, tí kò ní BVN tàbí NIN. Nítorí náà, ẹni tí mo ń wí yìí kò lè yá owó, kò sì lè fi owó ara rẹ̀ pamọ́.

Wọ́n á ní nítorí àwọn ajínigbé ni. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe àròsọ, ẹni tó bá ń gba ojú ọ̀nà Òkè-Ògùn àti ẹ̀yìn Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ohun tí mò ń wí. Ṣùgbọ́n èwo ni yóò rọrùn fún ọlọ́pàá láti wá, ṣé ẹni tí fọ́tò rẹ̀, ìka rẹ̀ àti orúkọ onídùúró rẹ̀ wà ní báńkì, àbí ẹni tí gbogbo owó rẹ̀ wà lábẹ́ ẹní?

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ṣe é síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ní Amẹ́ríkà, láti 1996 ni ìjọba ti ń fún ẹni tí kò ní nọ́ńbà Social Security ní nọ́ńbà ITIN, kó lè máa san owó orí. Ní 2007, Bank of America bẹ̀rẹ̀ sí í fún irú wọn ní káàdì àwìn ní Los Angeles, bí wọ́n bá ti ní àkáǹtì níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tí wọn kò sì ná kọjá owó wọn. Ariwo ta! Wọ́n ní báńkì ń ran arúfin lọ́wọ́. Mo mọ àwọn òbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ọmọ wọn wà ní òkè òkun láìníwèé, tí wọ́n máa jó bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ náà rí irú káàdì yẹn gbà. Àwọn kan náà ló pàtẹ́wọ́ nílé wa. Ìlú Ọba ní tiwọn gba ọ̀nà kejì: òfin 2014 ní kí báńkì má ṣí àkáǹtì fún aláìníwèé, òfin 2016 ní kí wọ́n máa yẹ àkáǹtì tó ti wà tẹ́lẹ̀ wò. Oṣù kìn-ín-ní 2018 ni àyẹ̀wò náà bẹ̀rẹ̀. Kí ọdún tó já sí méjì, ọ̀rọ̀ Windrush bẹ́, tí ayé fi mọ̀ pé wọ́n ti ń fojú arúfin wo àgbàlagbà tó wá láti Kàríbíánì lọ́nà ẹ̀tọ́, wọ́n sì dá a dúró nígbà náà.

Báńkì Àpapọ̀ lè ṣe é láìjẹ́ pé ilẹ̀ ya. Kí wọ́n gba ìka àlejò, kí wọ́n gba fọ́tò rẹ̀ àti káàdì ìlú rẹ̀, kí olórí ẹgbẹ́ wọn tàbí baálẹ̀ àdúgbò kọ̀wé fún un, kí ọmọ onílẹ̀ kan sì dúró fún un. ₦50,000 ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá san án, kí wọ́n fi kún un. Bí kò bá san án, ẹ mú èmi onídùúró.

Ọkùnrin agbẹ́kànga náà ń múra láti ra ẹ̀rọ kejì. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì lọ sọ́dọ̀ sogúndogójì. Báńkì yẹn la ó kọ́kọ́ tún lọ, ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn náà la ó sì tún jókòó níwájú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ ohun tó máa wí.