Akápò Kò Jẹ Owó Ẹgbẹ́, Ìwé Inú Kọ̀ǹpútà Ló Wú

Lẹ́tà pọ̀ lórí tábìlì mi lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí pé ẹkún ló wà nínú rẹ̀.

Ìyá kan ló kọ ọ́ láti Ìbàdàn. Àwọn ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn aláṣọ, ẹgbẹ́ tó ní ènìyàn 310. Wọ́n ní ó pé ọdún mẹ́rin báyìí tí àwọn ti fi lẹ́jà sílẹ̀, tí àwọn gba ọmọkùnrin kan kó máa bá àwọn kọ orúkọ àti owó sínú kọ̀ǹpútà, nínú ohun tí wọ́n ń pè ní Microsoft Access. Ó ń lọ dáadáa. Àfi bó ṣe ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n pín owó ọdún tí ìwé náà kọ̀, tí kò ṣí mọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, Invalid argument ló ń kọ sójú kọ̀ǹpútà. Ọmọkùnrin yìí ní kí wọ́n lọ ra kọ̀ǹpútà tuntun. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní irọ́ ni, pé akápò ti jẹ owó, òun ló ní kí ìwé má ṣí. Ìyá yìí ní àwọn kò lè gba iwájú ìsọ̀ ẹlòmíràn kọjá mọ́ kí wọ́n má yọ ṣùtì sí àwọn.

Mo wọkọ̀, mo lọ bá wọn. Ẹ má bi mí léèrè owó ọkọ̀, ọ̀gá mi kò tíì dá a padà fún mi.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo ṣe ẹ̀dà ìwé náà sórí fláàṣì, mo tún ṣe òmíràn sórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibí yìí. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, ilé ìtẹ̀wé kan ni mo ti ń bá wọn tẹ kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí n tún ìwé orúkọ àwọn oníbàárà wọn dì. Mi ò ṣe ẹ̀dà. Ibi tí mo ti ń ṣe é lọ ni iná ti lọ, epo ò sì sí nínú jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí iná dé, ìwé náà kò lórí, kò nírù. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń tún un kọ láti inú rìsíìtì, kọ́bọ̀ ni wọn ò san fún mi. Láti ìgbà náà, bí ẹ̀dà ò bá sí, mi ò ní fọwọ́ kan ìwé ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ẹ̀dà, mo wo bí ìwé náà ṣe tóbi tó. Ẹ tẹ ọwọ́ ọ̀tún eku kọ̀ǹpútà lórí fáìlì náà, ẹ yan Properties, ẹ óò rí i. Háà! Díẹ̀ báyìí ló kù kó pé 2GB. Mo ní, àṣìírí ti tú.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Láti ọdún 1992 ni Access ti jáde, àwọn tó ṣe é sì fi ìwọ̀n sí i. Láti Access ti ọdún 2000 títí di òní, ìwé kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ ju 2GB lọ. Kọ́ńgò gàrí ni. Bó bá ti kún, ó kún náà nìyẹn. Gàrí tiẹ̀ sàn, nítorí pé bó bá kún, ẹ óò rí èyí tó dà sílẹ̀. Ti kọ̀ǹpútà kì í dà sílẹ̀, ńṣe ló máa kọ̀ jálẹ̀, tí yóò máa sọ òyìnbó tí kò yé ènìyàn. Ẹ wá wò ó: Access ló ni ìwọ̀n yìí, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá ra kọ̀ǹpútà mẹ́wàá tuntun, ibi tó kọ̀ sí náà ni yóò tún kọ̀ sí. Owó tí wọ́n fẹ́ fi ra kọ̀ǹpútà yẹn ìbá ṣòfò ni.

Kí ló wá kún un? Orúkọ ènìyàn 310 àti owó wọn kò lè kún kọ́ńgò yìí láéláé. Fọ́tò ni! Ọmọkùnrin yìí fi fóònù ya gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní fọ́tò, ó sì kó wọn sínú ìwé náà. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí 3MB. Ẹ fi 310 lù ú, ó di 930MB. Kò tán síbẹ̀ o. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló tún ń ya fọ́tò ìwé tí báńkì tẹ òǹtẹ̀ lù, 5MB lọ́sẹ̀ kan. Ọdún mẹ́rin jẹ́ ọ̀sẹ̀ 208, ìyẹn 1,040MB. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, 1,970MB nìyẹn, bẹ́ẹ̀ 2,048MB ni gbogbo 2GB. Ẹ ò rí i pé fọ́tò ló jókòó sórí àga, tí orúkọ àti owó wá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọkùnrin náà ní òun ti pa fọ́tò ọdún àkọ́kọ́ rẹ́ nígbà tí òun rí i pé ìwé náà ń falẹ̀, síbẹ̀ kò fọn. Òótọ́ ló sọ. Bí ẹ bá pa nǹkan rẹ́ nínú Access, àyè rẹ̀ á ṣófo ṣùgbọ́n ìwé kò ní kéré sí i. Ó dà bí ẹrù aṣọ tí ẹ fa aṣọ yọ láàárín rẹ̀ láì tú okùn: ẹrù ṣì ga bó ṣe ga. Ẹ ní láti tú u, kí ẹ tún un dì. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní Compact and Repair.

Bí mo ṣe ṣe é nìyí. Nítorí pé ìwé náà kò ṣí, mo ṣí Access, mo mú Blank Database, mo sì tì í padà. Mo wá lọ sí Database Tools, mo tẹ Compact and Repair Database, mo nawọ́ sí ìwé tó wú náà, mo sì fún ẹ̀dà tuntun ní orúkọ mìíràn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà kankan lásìkò yìí, àyè sì gbọ́dọ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà, torí pé ìwé tuntun ló ń dì kó tó fi èyí tó ti gbó sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ de iná. Gbogbo wa dákẹ́. Ìyá akápò di ìbàdí mú, wọn ò sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ìwé bá ṣí. Ariwo tó sọ lọ́jà lọ́jọ́ náà, bí ìgbà tí wọ́n bímọ ni.

Mo kó gbogbo fọ́tò jáde sínú fódà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà, mo fi nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ sọ fọ́tò kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Nínú Access, ibi tí fọ́tò wà nìkan ni mo kọ sílẹ̀. Mo tún un dì lẹ́ẹ̀kejì, ìwé tó fẹ́ tó 2GB di 40MB. Èmi ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń fi fọ́tò ṣe níbẹ̀, ṣebí gbogbo wọn mọ ojú ara wọn? Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ rò pé ọ̀rọ̀ tán? Kò tán o. Bí a ṣe ṣí ìwé ni ìyá kan pariwo pé owó òun dín ní 46,000 náírà. Ojú akápò tún yí padà. Wọ́n ní ṣé ẹ rí i, àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀! Mo ní kí wọ́n fún mi láyè. Mo ro gbogbo owó inú ìwé pọ̀, mo fi wé ti báńkì: kọ́bọ̀ kò yàtọ̀. Owó pé, ẹni tó ni ín ló ṣìnà. Kí ló fà á? Ìyá Ìbejì mẹ́rin ló wà nínú ẹgbẹ́ náà! Orúkọ nìkan ni ọmọkùnrin yìí fi ń dá wọn mọ̀. Lónìí á kọ Ìyá Ìbejì, lọ́la á kọ Ìyá Ìbejì Aláǹkárá, lọ́túnla á kọ Iya Ibeji láì fi àmì sí i. Lójú tiwa, ẹnì kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ènìyàn mẹ́ta ni. Nígbà tó sì kọ Ìyá Ìbejì lásán, èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Rìsíìtì ọwọ́ àwọn ìyá náà la fi tọpa rẹ̀. Ẹnì kan nínú wọn ti ní 46,000 tí kì í ṣe tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Ó ní òun rò pé èlé ni.

Báyìí ló ṣe yẹ kí a kọ ọ́. Ìwé méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan. Ìwé kìíní, orúkọ: nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́, orúkọ rẹ̀, fóònù, ìsọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ óò kọ ènìyàn síbẹ̀. Ìwé kejì, owó: nọ́ńbà, ọjọ́, iye tó san. Nọ́ńbà ló so wọ́n pọ̀. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, E. F. Codd, tó ń bá IBM ṣiṣẹ́, ló là á sílẹ̀ ní 1970 bí a ṣe lè so ìwé onílà pọ̀ báyìí. Bí Ìyá Ìbejì bá kó ìsọ̀ lọ sí ibòmíràn, ojú kan lẹ óò ti tún un ṣe, gbogbo owó rẹ̀ á tẹ̀lé e. Bí Access bá ń fún yín ní nọ́ńbà fúnra rẹ̀, tí ẹ rí i pé ó fo láti 57 sí 59, ẹ má ní akápò gbé 58 pamọ́ o. Ẹni tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tí wọ́n sì pa rẹ́ ni, kì í lo nọ́ńbà rẹ̀ mọ́.

Nọ́ńbà fóònù ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ sí Short Text, ẹ má kọ ọ́ sí Number. Bí ẹ bá kọ ọ́ sí Number, òdo iwájú á pòórá, 080 á di 80. Nọ́ńbà tí ẹ ò ní rò pọ̀ mọ́ òmíràn, bí ọ̀rọ̀ ni kí ẹ ṣe kọ ọ́.

Ọ̀gá káfíńtà kan náà kọ̀wé láti Abẹ́òkúta. Wọ́n ní àjọ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ làwọn ń dá, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òpó tirẹ̀ nínú Access. Ní ọdún karùn-ún, ní ọ̀sẹ̀ kejìlélógójì, ó ní òun ò gba òpó mọ́. Bàbá, ìṣirò rẹ̀ rèé: òpó 52 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 208, mẹ́fà ti orúkọ àti àdírẹ́sì yín sọ ọ́ di 214. Òpó 255 péré ni ìwé kan ń gbà, 41 ló kù. Ibi tó yẹ kó ti kọ̀ gan-an ló ti kọ̀. Ẹ má sì rò pé bí ẹ bá pa òpó àtijọ́ rẹ́ á gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ṣì ń kà á títí ẹ ó fi tún un dì. Ẹ jẹ́ kí owó máa sọ̀ kalẹ̀ ní ìlà, kó má máa lọ sí ẹ̀gbẹ́: ẹni tó san, ọjọ́, iye. Ìlà kò ní iye bí òpó, àfi kí gbogbo ìwé kún 2GB.

Kí ẹ má bàa rò pé àìmọ̀wé ló fà á, ẹ gbọ́ ti England. Ní ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, fáìlì Excel ti àtijọ́, èyí tí ìrù rẹ̀ jẹ́ .xls, ni Public Health England fi ń gba orúkọ àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní àrùn náà. Ìlà 65,536 péré nìyẹn ń gbà. Ó kún, àwọn tó kù sì bọ́ sílẹ̀ láì sí ariwo. Láàárín ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án sí ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá, orúkọ 15,841 kò wọlé sínú iye tí wọ́n ń kéde, wọn kò sì tètè wá àwọn tó ti bá wọn ṣe pọ̀. Fáìlì .xlsx tuntun ń gba 1,048,576. Àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n o!

Ẹ̀yin tí kọ̀ǹpútà yín ju ẹyọ kan lọ, ẹ má máa há ẹ̀dà kálẹ̀ kí oníkálùkù máa kọ tirẹ̀. Ẹ fi ìwé owó sójú kan, kí kọ̀ǹpútà yòókù fi wáyà fà á láti ibẹ̀; Access ní bọ́tìnì tó ń pín in sí méjì bẹ́ẹ̀. Wifi tó ń já ń ba ìwé jẹ́.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n pín owó náà. Nínú àwọn tó yọ ṣùtì sí akápò, méjì ti wá bẹ̀ wọ́n. Ẹnì kẹta ṣì ń wo ilẹ̀ bó bá ń kọjá. Ọmọkùnrin oníkọ̀ǹpútà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n, nítorí pé kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, owó tí wọ́n sì ń san fún un kò tó ra bàtà. Ọ̀gá káfíńtà, ẹ kọ̀wé sí mi bí ẹ bá ti yí òpó yẹn sí ìlà. Ẹ ṣe ẹ̀dà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o.