Bí Ọmọ Yín Bá Fẹ́ Dá Gun Alùpùpù Rin Ọ̀nà Jíjìn

Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Kumasi, lórílẹ̀-èdè Gánà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ó ń sọ èdè Twi bí ọmọ onílẹ̀, ó sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Àmọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní: “Bàbá mi, Màámi, mo fẹ́ gun alùpùpù mi lọ sílé. Èmi nìkan ni mo fẹ́ lọ.” Ìyá rẹ̀ káwọ́ lérí. Bàbá rẹ̀ ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Tó bá jẹ́ ọmọ tiyín ni, kí lẹ máa sọ?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré ọmọdé lásán. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho àti àwọn ìlú míì nílẹ̀ Yorùbá ti ń lọ tà, tí wọ́n ń lọ rà ní Gánà. Nígbà tó di November 18, 1969, ìjọba Gánà fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ló palẹ̀ mọ́ tìpayà-tìpayà. Torí náà, tí ọmọ tó dàgbà ní Kumasi bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ọ̀nà tí àwọn èèyàn rẹ̀ gbà, kò yẹ ká fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn kan sì ti ṣe ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1957, Ọlábísí Àjàlá gbéra nílùú London lórí ọ̀kadà Vespa, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún rin orílẹ̀-èdè lọ́kan-ò-jọ̀kan. Lọ́dún 2022, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti London dé Èkó láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógójì (41), kó lè kówó jọ fún gbígbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Dídé wọn la máa ń ròyìn. Ìmúrasílẹ̀ tó ṣáájú la kì í sábà rí.

Ohun tá a fẹ́ kẹ́ ẹ gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí rèé: ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù kì í ṣe “Ṣé ó lè débẹ̀?” Ìbéèrè náà ni pé, “Kí ló máa mú kó dúró, kí ló sì máa mú kó padà?” Ẹni méjì tó jọ ń rìn lè kìlọ̀ fún ara wọn. Ẹni tó dá wà kò ní olùkìlọ̀, bó bá sì ti rẹ̀ ẹ́, orí rẹ̀ á máa sọ fún un pé, “Ó kù díẹ̀, máa lọ.” Torí náà, inú ilé ló ti yẹ kó ṣe ìpinnu yẹn, kí àárẹ̀ tó dé.

Mọ bí ọ̀nà ṣe gùn tó

Ìwọ tó fẹ́ rìnrìn àjò, mú ìwé àti gègé. Láti Kumasi sí Accra, tó o bá gba Konongo, Nkawkaw àti Nsawam, ó tó nǹkan bí 250 kìlómítà. Láti Accra sí ẹnubodè Aflao, níbi tó o ti máa gba orí afárá odò Volta kọjá ní Sogakope, ó tó nǹkan bí 190. Láti Lomé sí Cotonou tó nǹkan bí 150. Lẹ́yìn náà, wàá gba Ṣẹ̀mẹ̀ àti Àgbádárìgì dé Èkó, kó o tó kọjú sí Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́. Tó o bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó lé ní 900 kìlómítà, ẹnubodè mẹ́ta ló sì wà níbẹ̀.

Ẹni tó ń wakọ̀ lè sọ pé ọjọ́ méjì ti tó. Ìwọ má ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí alùpùpù, oòrùn, afẹ́fẹ́ àti ariwo ń jẹ lára rẹ ní gbogbo ìṣẹ́jú. Má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá 250 kìlómítà, kó o sì ka ọjọ́ tó o máa kọjá ẹnubodè sí ààbọ̀ ọjọ́, torí o ò mọ iye wákàtí tó o máa fi tò. Ọjọ́ márùn-ún ni kó o yà sọ́tọ̀, má sì ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé wàá débi ìnáwó ní ọjọ́ báyìí. Ìlérí bẹ́ẹ̀ ló máa ń mú kéèyàn gun alùpùpù lóru.

Yan àsìkò pẹ̀lú. Ní Kumasi, òjò máa ń pọ̀ gan-an lóṣù June, ó sì tún máa ń padà wá ní September àti October. Ọ̀nà máa ń gbẹ láti ìparí November dé February, àmọ́ ọyẹ́ lè bo ojú ọ̀nà láàárọ̀. Tó ò bá rí ọ̀nà dáadáa, dúró kí oòrùn là.

Kọ́kọ́ dán ara rẹ wò

Má ṣe jẹ́ kí ìrìn àjò tó gba orílẹ̀-èdè mẹ́rin jẹ́ àkọ́kọ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi. Gba Techiman lọ sí Kintampo, níbi tí omi ti ń já wálẹ̀ látorí àpáta. Kò ju nǹkan bí 190 kìlómítà lọ láti Kumasi. Sùn síbẹ̀, kó o sì padà lọ́jọ́ kejì. Di gbogbo ẹrù tó o máa gbé lọ sílé lọ́jọ́ iwájú sórí alùpùpù náà.

Ìrìn ọjọ́ méjì yẹn á kọ́ ọ ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún ọ. Wàá mọ ìgbà tí ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ọ́. Wàá rí i bí bíréékì ṣe ń ṣe tí ẹrù bá wúwo. Kún táǹkì kó o tó gbéra, kó o tún un kún ní Kintampo, kó o sì wo iye kìlómítà tó o rìn. Ìyẹn ló máa jẹ́ kó o mọ iye kìlómítà tí lítà epo kan ń gbé ọ. Látìgbà náà lọ, bí epo bá ti dé ìdajì, ra òmíràn. Ní Benin, wàá rí epo inú ìgò létí ọ̀nà, èyí tí wọ́n ń pè ní kpayo. Ilé epo gan-an ni kó o ti rà, torí epo tó bá dọ̀tí lè da ẹ́ńjìnì rẹ dúró níbi tó ò ti mọ ẹnikẹ́ni.

Tó o bá dé láti Kintampo, gbé alùpùpù náà lọ sí Suame Magazine. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ má kàn gbé e sílẹ̀ kó o máa lọ. Dúró tì wọ́n, kó o ní kí mẹkáníìkì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lẹ taya, bí wọ́n ṣe ń fa ṣéènì le, bí wọ́n sì ṣe ń pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì àti wáyà kílọ́ọ̀ṣì. Ṣe é lójú rẹ̀ títí wàá fi mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìwé tó o máa mú dání

Mú ìwé ìrìnnà rẹ, ìwé àṣẹ tó fi hàn pé o lè gun alùpùpù, ìwé alùpùpù náà, àti káàdì abẹ́rẹ́ àrùn ibà pọ́njú. Tí kì í bá ṣe orúkọ rẹ ló wà lórí ìwé alùpùpù, gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ní kí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò rẹ fún ọ ní Brown Card ti ECOWAS. Ohun tó ń ṣe ni pé, tó o bá ṣe ẹlòmíì léṣe nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n á bójú tó o. Kì í tún alùpùpù tìrẹ ṣe. Ní ẹnubodè, béèrè ìwé tí wọ́n ń pè ní laissez-passer fún alùpùpù náà. Fi ẹ̀dà gbogbo ìwé wọ̀nyí sílẹ̀ sílé.

Àdéhùn tí gbogbo ilé máa jọ ṣe

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tó ń dá gùn ò ní láti dá gbèrò. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ sì kọ àdéhùn mẹ́rin sílẹ̀.

Àkọ́kọ́, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ìrìn máa parí lójúmọ́. Nílẹ̀ wa, nǹkan bí aago mẹ́fà ni ilẹ̀ máa ń ṣú. Tí taya bá jò lọ́nà, wákàtí méjì ṣì wà láti fi lẹ̀ ẹ́ kó tó ṣókùnkùn.

Ìkejì, ẹ yan ẹnì kan tó máa gba ìpè: kó tó gbéra láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti nígbà tó bá dé ibi tó máa sùn. Kò gbọ́dọ̀ gba ìpè lórí ìrìn. Tí kò bá sì pè, ẹ ti máa mọ wákàtí tẹ́ ẹ máa dúró dà, àti ẹni tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ pè nílùú tó sún mọ́ ọn. Ní Gánà àti Nàìjíríà, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì.

Ìkẹta, ẹ kọ ohun tó máa dá a padà sílẹ̀: ibà, bíréékì tí kò mú, akoto tó fọ́, tàbí òòrùn tó gbé e lójú lẹ́ẹ̀kan péré. Tí ọ̀kan bá ṣẹlẹ̀, kò sí àríyànjiyàn.

Ìkẹrin ni owó ìpadà. Ẹ ya owó tó máa gbé òun àti alùpùpù rẹ̀ padà nínú ọkọ̀ sọ́tọ̀. Kò gbọ́dọ̀ fi í ra epo, kò gbọ́dọ̀ fi í jẹun. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń forí lé ewu torí pé wọn ò lówó tí wọ́n máa fi ṣẹ́rí padà.

Ẹ̀yin òbí ńkọ́?

Ẹ̀rù tó ń bà yín tọ́. Akoto tó bo ojú, jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ lè dín ewu kù, àmọ́ wọn ò lè mú un kúrò. Tí ọmọ yín ò bá tíì gba ìwé àṣẹ, tàbí tí kò fẹ́ wọ akoto, ẹ ní kó má lọ. Àmọ́ tó bá ti dàgbà, tó sì ń múra bó ṣe yẹ, “Mi ò fẹ́ gbọ́” lè mú kó lọ láìsọ fún yín, kò sì sẹ́ni tó máa mọ ọ̀nà tó gbà.

Ohun kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè fún un. Ẹ sọ ọ́ létí gbogbo ilé, kó tó gbéra, pé tó bá padà láti Nkawkaw tàbí láti Lomé, ẹnikẹ́ni ò ní fi ṣẹ̀fẹ̀, wọn ò sì ní pè é ní ojo. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ mú ọ̀rọ̀ yín ṣẹ. Tí ọmọ bá ti mọ̀ pé ayọ̀ ni wọ́n á fi gbà á, yálà ó débi tó ń lọ tàbí kò débẹ̀, á rọrùn fún un láti dúró nígbà tó bá yẹ kó dúró.