ÒKUN TI WÀ NÍ ÒKÈLÚSÈ RÍ

Ẹ̀yin bíríkìlà tí ẹ ń po sìmẹ́ńtì lójoojúmọ́, ṣé ẹ mọ̀ pé òkú ẹran omi lẹ fi ń kọ́lé? Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ o! Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Òkèlúsè àti Arímọ̀gìjà, ní apá Upẹnmẹn. Mọ̀lẹ́bí èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti 1960 ni. Ìkarahun ìgbín òkun àti èèpo akàn ló kún inú ti Ewékorò bámúbámú. Ẹni tó bá lọ wá irú rẹ̀ nínú àpáta ìlú Ọ̀wọ̀ kàn ń da ara rẹ̀ láàmú ni, iná inú ilẹ̀ ti se ìyẹn jinná.

Bí ìyá aláṣọ bá ń to aṣọ sínú àpótí, èyí tó kọ́kọ́ gbé sí i ló máa wà nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ ṣe tò. Káàkiri ayé, ẹran omi kan wà tí ìkarahun rẹ̀ ká bí ìwo àgbò. Nísàlẹ̀, ó pọ̀ bí erùpẹ̀. Ẹ gòkè díẹ̀, ẹ ò ní rí ẹyọ kan mọ́. Òun àti dáínásọ̀, ẹran gàgàrà nì, jọ lọ ni, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn. Nínú irú ẹ̀dá 4, bíi 3 ló run.

Kí ló pa wọ́n? Ní 1980, Luis Alvarez àti ọmọ rẹ̀ Walter sọ ohun tí wọ́n rí nínú amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní Gubbio, ní Ítálì: irídíọ́ọ̀mù, tó ṣọ̀wọ́n lórí ilẹ̀ ṣùgbọ́n tó pọ̀ nínú òkúta ojú ọ̀run. Òkúta ńlá ló já lulẹ̀! Kòtò rẹ̀ wà ní Mẹ́síkò, ó fẹ̀ ju 100 máìlì lọ. Eruku bo oòrùn, ewéko kú, ebi sì pa ìyókù. Ní 2022, wọ́n tún kéde kòtò mìíràn lábẹ́ òkun tó wà níwájú orílẹ̀-èdè Gínì, ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó fẹ̀ ju máìlì 5 lọ. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò jìnnà sí ti àkọ́kọ́.

Òkun tó tún kún lẹ́yìn àjálù yẹn ló kó òkúta Ewékorò jọ. Abẹ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ dúdú Aráròmí wà, ní apá Òkìtìpupa, tó rí ìgbà méjèèjì.

Bí katapílà bá dé Òkèlúsè, inú iná ni ìkarahun wọ̀nyẹn ń lọ. Mùsíọ́ọ̀mù Ọ̀wọ̀ kò sì jìnnà. Kí ló dé tí wọn ò lè kọ́kọ́ ṣa díẹ̀ síbẹ̀ fún àwọn ọmọ iléèwé?